Oúnjẹ Tí Màmá Fẹ́ràn Jù

Họ́ọ̀lù kún! Ẹ gbọ́ mi o, mo ní họ́ọ̀lù kún! Àwọn kan dúró sára ògiri, àwọn kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àga, ọmọkùnrin gíga kan gbé abọ́ ẹ̀kọ gbígbóná sórí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó ń pariwo pé, "Ẹ yàgò! Ẹ yàgò fún màmá àgbà mi!" Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń yàgò lóòótọ́. Àǹtí Lan di ọwọ́ mi mú, ó fún un débi pé òrùka rẹ̀ wọ̀ mí lára.

"Àbẹ̀kẹ́, wọ́n wá."

"Wọ́n wá, Àǹtí!"

"Wọ́n pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"Àǹtí, ẹ jẹ́ n sunkún, ẹ jọ̀ọ́."

"Má sunkún, àtíkè ojú ẹ á ṣàn."

Òun ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n mí ná. Àárín ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àná ni wọ́n ṣe Ọjọ́ Vietnam ní yunifásítì tí Bọ̀dá Dèjì ti ń kọ́ni, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ṣe é tí Màmá ò sí níbẹ̀. Màmá tí mò ń sọ yìí, òun ló bí ìyá mi. Òun ló tọ́ mi ní ilé wa ní Festac, òun ló ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́, òun ló sì fi wá sílẹ̀ nígbà òjò tó kọjá, lójú oorun, láì yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Láti ìgbà tó ti lọ la ti ń bi ara wa bóyá Ọjọ́ Vietnam náà ti bá a lọ ni. Àǹtí Lan ní tí Màmá ò bá jókòó níwájú, òun ò ní lè lanu. Bọ̀dá Dèjì ní àwọn ọ̀gá òun ti sọ pé tí èrò ò bá wá lọ́dún yìí, kí wọ́n má wulẹ̀ bèèrè họ́ọ̀lù mọ́. Ẹ ti wá mọ ìdí tí mo fi ń pariwo báyìí!

Àmọ́ kí ló pa màmá Yorùbá kan, ọmọ Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, pọ̀ mọ́ Vietnam? Gbogbo èèyàn ló ń bi mí bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ irú èèyàn tí Màmá jẹ́ fún yín, ẹ̀yin fúnra yín á rí i.

Àkọ́kọ́ ná, Màmá ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ ò tíì gbọ́. Lójoojúmọ́, kí oòrùn tó yọ dáadáa, ó ti wẹ̀, ó ti wọ búláòsì tí wọ́n lọ̀ dáadáa, ó ti wé gèlè, ó ti kun ojú, ó ti jókòó sórí àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì dúdú lórí itan bí ẹni tí ọkọ̀ ọ́fíìsì ń bọ̀ wá gbé. Báàgì yẹn! Ilé ìtajà ni. Bíbélì wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ àti òwú wà níbẹ̀, oògùn orí fífọ́, tọ́ọ̀ṣì, ẹ̀pà sísè nínú ọ̀rá. Tí mo bá ní, "Màmá, ibo lẹ̀ ń lọ?" á ní kò síbì kankan. "Kí ló wá dé tẹ́ ẹ múra?" Ó máa wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, èmi tí mo ṣì wọ aṣọ tí mo fi sùn, á ní, "Àbẹ̀kẹ́, ẹni tó bá ti múra, kò síbi tí wọn ò lè pè é sí."

Ó sì fẹ́ràn ilẹ̀. Mọ́mì mi ní nígbà tí wọ́n fún Màmá ní fúláàtì ní Festac, ohun àkọ́kọ́ tó gbé wọlé kì í ṣe bẹ́ẹ̀dì, ọkọ́ ni. Ẹ̀gbẹ́ fẹ́ǹsì níbi tí àwọn yòókù ń páàkì ọkọ̀ sí, ibẹ̀ ló gbin tẹ̀tẹ̀ sí, ó gbin efinrin, ó gbin ewé tíì, èyí tí a máa ń sè mu tí ibà bá ń ṣe wá. Kí táyà ẹnikẹ́ni ṣèèṣì tẹ ewé tíì yẹn! Ẹni náà máa gbọ́ oríkì tí ìyá rẹ̀ ò kì í rí.

Ìdí ewé tíì yẹn ló ti pàdé Àǹtí Lan. Ọmọ Vietnam ni Àǹtí Lan. Ọkọ rẹ̀ ń ra kajú níbí, ó ń kó o ránṣẹ́ sílé wọn, Raji Rasaki Estate ni wọ́n sì ń gbé. Lọ́jọ́ yẹn ó ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀, ó rí ewé tíì lára fẹ́ǹsì wa, ó dúró, ó bẹ̀rẹ̀, ó já ewé kan, ó fi sí imú, ó sì di ojú. Màmá jáde sí i.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ibà ń ṣe ẹ́ ni?"

Àǹtí Lan ò tíì gbọ́ Yorùbá nígbà yẹn, èmi ni mo bá a túmọ̀. Ó ní rárá, ara òun le, ẹran lòun fẹ́ fi sè.

Màmá kọjú sí mi. "Ó ní kí ni?"

"Ó ní ẹran lòun fẹ́ fi sè, Màmá."

"Ẹran? Ṣé ẹran náà ni ibà ń ṣe?"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di géètì mú. Síbẹ̀ Màmá mú ọ̀bẹ, ó gé ìdì ńlá kan fún un. Àǹtí Lan fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì tẹrí ba. Ẹ wo ojú Màmá! Kò sóhun tó ń bí màmá yìí nínú bíi kí èèyàn fi ọwọ́ kan ṣoṣo gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ká má tiẹ̀ wá sọ ọwọ́ òsì. Ó ń gún mi ní ìgbúnwọ́, ó ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Wo ọwọ́ rẹ̀, wo ọwọ́ rẹ̀, wọ́n kọ́ eléyìí nílé."

Ibi tó dùn dé ló ti bàjẹ́. Bí Àǹtí Lan ṣe fẹ́ máa lọ, ó yíjú padà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì bi Màmá pé ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n.

Háà.

Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní màmá àgbà nílé, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Màmá tó máa ń sọ fún dókítà pé kó kọ iye tó bá wù ú sílẹ̀! Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní kí ló fẹ́ fi ọjọ́ orí òun ṣe, ṣé òun ló máa kan pósí òun ni? Láti ọjọ́ náà, tí Àǹtí Lan bá ti yọ lókèèrè, Màmá á rántí iṣẹ́ kan nínú ilé.

Àǹtí Lan ò mọ ohun tó ṣe. Ó dá mi dúró lọ́nà Alákijà lọ́jọ́ kan, ó ní kí lòun ṣẹ Màmá. Mo ṣàlàyé. Ó gbá orí mú! Ó ní nílé àwọn, èèyàn ò lè bá ẹlòmíì sọ̀rọ̀ kó má kọ́kọ́ mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n òun ni, àbúrò òun ni, ẹgbẹ́ ìyá òun ni, tàbí ẹgbẹ́ ìyá àgbà òun. Ó ní àrífín ńlá ni kí o pe ẹni tó lè bí ìyá ẹ ní ẹ̀gbọ́n. Torí kó má baà rí Màmá fín ló ṣe bèèrè! Mo sáré délé, mi ò tiẹ̀ bọ́ bàtà, mo rò ó fún Màmá. Ó tún gèlè ṣe.

"Ṣé pé àwọn náà kì í pe àgbà lórúkọ?"

"Wọn kì í pè é, Màmá."

"Tí ẹni náà ò bá sì bá wọn tan?"

"Bó bá wọn tan, bí kò bá wọn tan, orúkọ ẹbí ni wọ́n fi ń pera wọn."

"Lọ pè é wá."

Àǹtí Lan dé pẹ̀lú ọsàn lọ́wọ́ méjèèjì. Màmá fi í jókòó tì í, ó sì sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún un bó ṣe ń sọ ọ́: pé òun ti ń pọn ọmọ nígbà tí gbogbo Festac yìí ṣì jẹ́ ẹrẹ̀ àti ọ̀pọ̀lọ́, tí abúlé Kuje tó wà nítòsí nìkan ni èèyàn ti lè rí iná àtùpà lálẹ́. Ó wá fi ìka kàn án níwájú orí. "Ọmọ mi, wọn kì í bi àgbà ní iye. Ìtàn ni wọ́n ń bi í, wọ́n á wá lọ ṣírò rẹ̀ nílé ara wọn."

Ẹ má rò pé ìjà tán síbẹ̀ o. Wọ́n jà! Ìjà wọn ló dùn jù nínú ilé wa. Àǹtí Lan ní omi ẹja kan tó máa ń dà sínú gbogbo ọbẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ṣí ìgò yẹn ní kíṣìnì wa, Màmá fi ìborùn bo imú, ó ní òórùn yìí tó lé olè. Àǹtí Lan, tó ti ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀ nígbà náà, dá a lóhùn wéré pé, "Màmá, irú tiyín ńkọ́? Òun ò rùn?" Inú mi dùn, mo ní ó tán, wọ́n ti mú Màmá lónìí. Màmá ò tiẹ̀ ronú. Ó ní, "Irú kì í rùn. Irú ń pe èèyàn wá jẹun ni."

Ti àkàrà ìrẹsì wọn ló wá le jù. Tí ọdún tuntun wọn bá dé, èyí tí wọ́n ń pè ní Tết, lásìkò ọyẹ́ níbí, wọ́n máa ń fi ewé di ìrẹsì kan tó ń lẹ̀ mọ́ra, pẹ̀lú ẹ̀wà àti ẹran nínú, wọ́n á sè é láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Bánh chưng ni wọ́n ń pè é. Onígun mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Irú ewé tí wọ́n fi ń dì í ò sí l'Ékòó, Màmá ní kí ló dé tí wọ́n ń wá ewé kiri, ṣé ewé eéran ti tán láyé ni? Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í. Ṣùgbọ́n mọ́ínmọ́ín lọwọ́ rẹ̀ mọ̀ látọjọ́ tó ti dáyé! Gbogbo èyí tí Àǹtí Lan dì dúró bíi búlọ́ọ̀kù, gbogbo ti Màmá sì ní ẹnu ṣóńṣó. Àǹtí Lan ní rárá, Màmá, igun mẹ́rin, ilẹ̀ ayé ni àkàrà yìí dúró fún. Màmá ní ilẹ̀ ayé tòun rí báyìí. Wọ́n bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí omi fi hó. Nígbà tó jinná, tá a tú u, tá a jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tó rántí èyí tó jẹ́ ti ta ni. Màmá nu ọwọ́, ó wo Àǹtí Lan. "Ṣó o rí i? Oúnjẹ ò ní igun nínú ikùn."

Ohun kan wà tó máa ń dun Mọ́mì mi nípa Màmá. Tá a bá se ìrẹsì, Màmá á bu tiwa, á bu ti àlejò, á bu ti ẹni tí kò tíì dé, á wá gbé ìkòkò sórí ẹsẹ̀, á máa fi ṣíbí ha ìdí rẹ̀, èyí tó ti jó gbẹ. Mọ́mì á ní, "Màmá, ẹ bu ìrẹsì gidi jẹ. Ẹ̀yin náà lẹ́nu." Màmá á ní, "Fi mí sílẹ̀." Mọ́mì á yíjú sí mi, á ní ṣé mo rí bí màmá òun ṣe fìyà jẹ ara rẹ̀ láyé tìtorí ọmọ. Bí mo ṣe dàgbà nìyẹn, tí mò ń gbọ́ kàràkàrà ṣíbí lára ìkòkò, tí ọkàn mi máa ń bàjẹ́ díẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìkòkò yìí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ó yá, ohun tí Màmá ṣe tó sọ ọ́ di Màmá gbogbo yunifásítì.

Bọ̀dá Dèjì ń gbé òkè wa, olùkọ́ ni. Ó fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun mọ̀ pé ayé fẹ̀ ju Èkó lọ, ó bá bẹ Àǹtí Lan pé kó wá fi àṣà ilé wọn hàn wọ́n. Inú Àǹtí Lan dùn. Ó wọ áo dài, aṣọ wọn gígùn tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ó kó àkẹtẹ̀ ẹlẹ́nu ṣóńṣó wá, ó kó fọ́tò òkè àti odò wá, ó jẹ́ kí àwọn ọmọ náà gbọ́ bí ohùn èdè wọn ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀ bíi tiwa. Àwọn kan ń gbọ́, àwọn kan ń tẹ fóònù. Ní ìparí, ó tẹ́ tábìlì kan. Ó gbé fọ́tò bàbá rẹ̀ tó ti kú síbẹ̀, òdòdó, èso, ife tíì kan, ó sì mú túràrí. Ó ní nílé àwọn, ilé tí kò bá ní irú tábìlì yìí ṣọ̀wọ́n, pé tí ọjọ́ tí ẹni àwọn kú bá ti yí po lọ́dún, àwọn á se oúnjẹ tó fẹ́ràn, àwọn á gbé e síwájú fọ́tò rẹ̀, ẹbí á péjọ, wọ́n á rántí rẹ̀, wọ́n á wá jọ jẹ oúnjẹ náà.

Bó ṣe ṣá iná sí túràrí báyìí, ọmọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn: "Ẹ sá o! Wọ́n fẹ́ pe òkú!"

Họ́ọ̀lù bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan tiẹ̀ dìde, wọ́n ń gbé báàgì. Àǹtí Lan dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ìṣáná lọ́wọ́, ó ń wo fọ́tò bàbá rẹ̀ bí ẹni fẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú.

Iwájú lèmi àti Màmá wà. Mo mọ̀ pé túràrí yẹn ò bá Màmá lára mu, ó ti ń gbọn ẹsẹ̀ láti ìgbà tó ti rí i. Ó dìde. Mo gbé ìborùn rẹ̀, mo rò pé ilé là ń lọ. Ó bọ́ bàtà. Ó rìn lọ bá Àǹtí Lan, ó sì fi ohùn tó lọ sílẹ̀ bi í léèrè, ohùn tí èèyàn gbọ́dọ̀ dákẹ́ kó tó lè gbọ́.

"Lan, kí ni bàbá ẹ fẹ́ràn láti jẹ?"

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀, Màmá."

"Ta ló ń rà á fún wọn?"

"Èmi ni. Tí mo bá ń ti ilé-ìwé bọ̀."

Màmá mirí. Ó ṣí báàgì dúdú yẹn, ó mú ẹ̀pà sísè rẹ̀ jáde, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sórí tábìlì, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ní, "Bàbá tèmi, ẹ̀pà sísè ni. Tí wọ́n bá ti oko dé, wọ́n á máa ju èèpo rẹ̀ lé wa lórí, wọ́n á ní, ẹ wọlé o, òjò ń rọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, òun nìkan, bí ẹni pé bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ jù ú. Ó wá yíjú sí gbogbo wọn. "Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni tiyín? Kí ló fẹ́ràn?"

Ọmọbìnrin kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ sọ pé, "Ìyá ìyá mi. Àádùn." Ẹlòmíì ní, "Dádì mi. Àgbàdo sísun, ṣùgbọ́n wọ́n ò ní eyín, èmi ni mo máa ń họ ọ́ fún wọn." Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, láti àga dé àga, àwọn tó ti gbé báàgì tún gbé e kalẹ̀. Ọmọkùnrin tó pariwo lẹ́ẹ̀kan náà dìde, gbogbo wa rò pé yẹ̀yẹ́ ló tún fẹ́ ṣe. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi. Búrẹ́dì àti ẹ̀wà." Ó sì jókòó kíá.

Nígbà tá a ń lọ sílé, mo bi Màmá bóyá ẹ̀rù túràrí yẹn ò bà á. Ó ní, "Ó bà mí. Ṣùgbọ́n ìtìjú ọmọ yẹn pọ̀ ju ẹ̀rù mi lọ."

Láti ìgbà yẹn, tí Ọjọ́ Vietnam bá dé, oúnjẹ ẹni tó ti lọ ni kálukú ń gbé wá. Wọ́n á gbé e sórí tábìlì gígùn, wọ́n á sọ ìtàn rẹ̀, a ó wá jọ jẹ ẹ́. Ẹ bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn nípa Vietnam báyìí, wọn ò ní sọ ogun tí wọ́n rí nínú fíìmù fún yín, oúnjẹ tí bàbá Àǹtí Lan fẹ́ràn ni wọ́n máa sọ.

Ọ̀rọ̀ náà dé ìjọ, ẹ mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Ìyá Ṣadé, ọ̀rẹ́ Màmá nínú Ẹgbẹ́ Ìyá Ìjọ, wọlé wá láìkí ẹnikẹ́ni.

"Màmá Festac, wọ́n ní ẹ bá òyìnbó bọ òkú."

"Kì í ṣe òyìnbó. Ọmọ Vietnam ni."

"Ìyẹn nìkan lẹ gbọ́ nínú ohun tí mo sọ?"

"Ìyá Ṣadé, ẹ jókòó. Ìrẹsì tẹ́ ẹ sè lọ́jọ́ ìrántí ọkọ yín, tẹ́ ẹ pín káàkiri àdúgbò, tẹ́ ẹ fi fọ́tò wọn sára abọ́, ta lẹ sè é fún?"

"Ìrántí nìyẹn!"

"Ó dáa. Ọlọ́run nìkan lèmi náà ń sìn. Ṣùgbọ́n tá a bá ṣì rántí oúnjẹ èèyàn, a ò tíì gbàgbé ẹnu tó fi ń rẹ́rìn-ín."

Ìyá Ṣadé bínú lọ. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó gbé àkàrà ọkọ rẹ̀ wá, ó kọ̀yìn sí tábìlì túràrí, ó sì ta ko gbogbo ẹni tó ní àkàrà òun ò níyọ̀ tó.

Nísinsìnyí, ẹ padà sí ti ọdún yìí. Nígbà tí Bọ̀dá Dèjì mú ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá rẹ̀ wá, Àǹtí Lan wà ní pálọ̀ wa. Ó ní kí wọ́n fi sílẹ̀, ó tó bẹ́ẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnu mi sọ pé, "Bọ̀dá, ẹ sọ fún wọn pé à ń bọ̀."

Àǹtí Lan ní, "Àbẹ̀kẹ́, ta ló máa jókòó níwájú?"

"Èmi ni, Àǹtí."

"Ta ló máa bọ́ bàtà?"

"Èmi náà ni. Bàtà mi kúkú ti fẹ́ já."

Ó rẹ́rìn-ín, ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tá a ti sin Màmá. Àmọ́ wàhálà wá dé: oúnjẹ wo ni màá gbé wá fún Màmá? Mọ́mì ní mọ́ínmọ́ín. Bọ̀dá Dèjì ní ẹ̀pà sísè, mo ní ti bàbá Màmá nìyẹn, kì í ṣe ti Màmá. Ìyá Ṣadé ní ẹja díndín, ó sì búra. Kò sẹ́ni tó mọ̀! Obìnrin tó bi gbogbo ayé léèrè ohun tí èèyàn wọn fẹ́ràn, àwa ò bi í. Mọ́ínmọ́ín ni mo pa dà sè, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀.

Àná wá dé. Mo bọ́ bàtà. Àwọn tó ń ka ìwé ńláńlá kún iwájú mi, èmi tí mi ò tíì kọjá sẹ́kọ́ńdírì. Mo gbé mọ́ínmọ́ín kalẹ̀ síwájú fọ́tò Màmá, ọwọ́ méjèèjì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè purọ́ fún Màmá. Mi ò mọ̀ bóyá èyí ni wọ́n fẹ́ràn. Ìdí ìkòkò tó ti jó ni wọ́n máa ń jẹ, torí kí tiwa lè tó."

Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ẹ̀rín. Àǹtí Lan ni! Ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ó di tábìlì mú.

"Torí yín? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Mọ́mì."

"Àbẹ̀kẹ́! Màmá máa ń gbé iná sókè ni!" Ó nu ojú, ó yíjú sí gbogbo họ́ọ̀lù. "Ẹ gbọ́. Nílé wa náà, ìyá àgbà mi fẹ́ràn ìrẹsì tó jó mọ́ ìkòkò. Mo sọ fún Màmá. Màmá wo ẹ̀yìn, wo iwájú, ó ní, 'Má sọ fún wọn, èmi náà.' Tí ẹ bá ti jáde, a máa sè é, a máa jẹ́ kó jó dáadáa, a máa jà lórí rẹ̀. Màmá máa ń rẹ́ mi jẹ! Ó ní òun ni àgbà!"

Họ́ọ̀lù ya! Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń lu àga, ẹnì kan ń pariwo pé, "Màmá, ẹ ti rẹ́ wa jẹ!" Mo wo Mọ́mì mi lórí àga rẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo ọdún tó fi ń káàánú màmá rẹ̀, inú ìgbádùn ni màmá rẹ̀ wà! Kò sí ìyà kankan nínú ìkòkò yẹn! Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ fún yín, ó dà bíi pé ẹnì kan gbé ẹrù kan kúrò lórí mi tí mi ò mọ̀ pé mo rù.

Lẹ́yìn ìyẹn ni gbogbo ènìyàn wá ń gbé tiwọn wá, títí tábìlì ò fi gbà á mọ́. Ọ̀gá Bọ̀dá Dèjì fúnra rẹ̀, ìyá kan tó le bí òkúta, mú gúgúrú jáde nínú báàgì, ó ní ti àbúrò òun ni. Nígbà tó ń lọ, ó na ìka sí Bọ̀dá Dèjì. "Lọ́dún tó ń bọ̀, họ́ọ̀lù ńlá ni kẹ́ ẹ bèèrè. Èyí kéré." Ìgbà yẹn gan-an ni Àǹtí Lan di ọwọ́ mi mú tí òrùka rẹ̀ wọ̀ mí lára.

Láàárọ̀ òní, mo jí, mo wẹ̀, mo múra dáadáa bí ẹni tí wọ́n lè pè síbikíbi. Mo gbé ìrẹsì kaná. Nígbà tí omi rẹ̀ gbẹ, mi ò pa iná, mo gbé e sókè. Kò pẹ́ tí Mọ́mì fi pariwo láti yàrá.

"Àbẹ̀kẹ́! Kí ló ń jó?"

"Oúnjẹ Màmá ni!"

Ó sáré wá, ìborùn rẹ̀ ti fẹ́ já bọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, ó gbóòórùn, ó wo ojú mi. Mo ha díẹ̀ sórí àwo, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e síwájú fọ́tò Màmá ní pálọ̀, mo sì padà wá gbé ìkòkò náà sórí ẹsẹ̀. Mọ́mì mú ṣíbí méjì, ó jókòó tì mí. Òun ló kọ́kọ́ ha á. Ó jẹ ẹ́, ó di ojú.

Ó wá gbé ìkòkò náà lẹ́sẹ̀ mi. Ó ní, "Èyí ò tíì jó tó. Lọ gbé iná sókè."